Ọmọ Tó Ní Kí Alága Dúpẹ́ Àná

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ọdún kẹta ló ń lọ yìí, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn, ẹ ò sì ní bá mi jà sí i. Màámi wà lọ́dọ̀ mi níbí ní Jahi, ní Àbújá. Ara wọn le koko. Gbogbo ẹ̀sítéètì ló ti di ọ̀rẹ́ wọn. Mẹ́gáàdì ẹnu géètì kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá láìsọ pé "Sànnu, Mama," àwọn náà á sì fi "Yauwa" dá a lóhùn bí ẹni pé Kàtsínà ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n ṣì ń fi ata sí ọbẹ̀ jù. Wọ́n ṣì ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ tiyín sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì dé ọjà Wuye, wọ́n á máa wá irú iṣu tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́yìn. Wọn ò tíì rí i.

Mo jókòó kọ ìwé yìí nítorí pé nǹkan ayọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí mi ní Sátidé tó kọjá. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tó wù mí kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ bí mo ṣe máa ń lérí pé èmi ò ní ṣe tíṣà láé, pé báńkì ni mo máa bá ṣiṣẹ́. Mo ń bá báńkì ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, tíṣà ni mí. Ẹ̀jẹ̀ yín tó wà lára mi ò gbà fún mi.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ló dá kíláàsì Yorùbá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Ẹ mọ irú àwọn ọmọ Àbújá. Bí ẹ bá ní kí wọ́n lọ bu omi wá, wọ́n á bu ú wá, wọ́n á wá sọ fún yín lédè Òyìnbó pé omi ti tán nínú kúlà. Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ní Wuye la ti ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ènìyàn ò wá mọ́. Àwọn kan ń gbé Kubwa, àwọn kan wà ní Lugbe, àwọn mìíràn sì tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí wo ló fẹ́ kó ọmọ la ìlú já láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí aṣọ tí wọ́n máa fọ̀ ń dúró dè wọ́n? Èmi ni mo wá dá a lábàá pé kí kíláàsì náà máa tẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ sílé, kí á máa ríra lójú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Bàbá Alága, ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ wa, kò fara mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù ní kí n gbìyànjú ẹ̀ wò.

Bàámi, mo tẹ́. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ọmọ kan dojú fóònù rẹ̀ kọ òkè, ó bá tirẹ̀ lọ. Fáànù àjà ilé wọn ni mo kọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá látòkè délẹ̀. Òmíràn wà tí mo máa ń yìn pé òun nìkan ló ń fọkàn sí i, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, kò tilẹ̀ ń ṣẹ́jú. Àṣé fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀ tí wọ́n fi sínú férémù ló gbé síwájú kámẹ́rà! Màámi ló kọ́kọ́ fura. Wọ́n ń kọjá lẹ́yìn mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa.

"Ọmọ yìí mà ti kú o," ni wọ́n wí.

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni mo wọ yàrá lọ, inú mi ò sì dùn rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ibi iṣẹ́ ló wá fi irinṣẹ́ kan hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ènìyàn á ṣe fídíò, á fi ìbéèrè há a láàárín. Bí ọmọ bá ń wò ó, fídíò náà á dúró gbagidi, kò ní lọ mọ́ àfi bí ọmọ bá fọwọ́ tẹ ìdáhùn. Mo ní ìṣòro mi ti tán. Mo ṣe fídíò lórí orúkọ ẹranko, mo ṣe lórí ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ náà ń ṣe? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ nígbà gbogbo, wọn kì í ka ìbéèrè, kí fídíò ṣáà lè parí kí wọ́n lè padà sídìí kàtúùnù. Ewúrẹ́ di ẹyẹ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ Ajé di oúnjẹ. Ìgbà yẹn ni Alága kọ́kọ́ sọ pé bí ọdún bá ń parí, ìpàdé á jókòó lórí ọ̀rọ̀ kíláàsì yìí, bóyá kí ó máa lọ tàbí kí á pa á rẹ́.

Ìgbà náà ni mo rántí ewúrẹ́ yín.

Ṣé ẹ rántí? Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kàbà, tí mo jẹ́ ọmọ kíláàsì yín, ẹ ya ewúrẹ́ sójú pátákó, ẹ sì ya ẹsẹ̀ méjì péré fún un. Ẹ kọjú sí wa, ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ń ṣàlàyé ewúrẹ́ lọ ràì, ojú yín ò yí padà. Gbogbo wa ń wo ara wa. Ta ló tó ẹni tí ń sọ fún tíṣà pé ó ṣì í? Nígbà tí ẹnì kan ní ìgboyà tó nawọ́ sókè, ẹ na ṣọ́ọ̀kì sí i, ẹ ní kó wá tún un ṣe, ẹ̀yin fúnra yín wá lọ jókòó sí àyè rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n yín. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì yín mọ́. Gbogbo wa ló lajú kalẹ̀, à ń ṣọ́ yín bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku, kí á lè gba ṣọ́ọ̀kì.

Mo sáré lọ bá Màámi ní kíṣìnnì. Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n ṣe eré fún mi, kí wọ́n máa ṣe nǹkan lódì. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Wọ́n ní àgbà bíi tàwọn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú ọmọdé. Bàámi, ẹ wá wo Màámi lónìí! Wọ́n ti di gbajúmọ̀. Nínú fídíò àkọ́kọ́, omi tútù nini ni wọ́n fi tẹ ẹ̀bà. Wọ́n da gààrí sí i, wọ́n ń rò ó tagbáratagbára, wọ́n ń kọrin, gààrí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú abọ́. Bí ọmọ bá rí àṣìṣe, òun ni yóò fọwọ́ dá fídíò dúró. Bí kò bá rí i, fídíò á gba ọ̀nà mìíràn lọ: Màámi á gbé gààrí yẹn síwájú àlejò pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ojú àlejò á sì fún pọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá a dúró ló gba ṣọ́ọ̀kì. Ohun tí mò ń pè ní ṣọ́ọ̀kì ni pé àwòrán ọmọ náà ni yóò gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, òun ni yóò máa kọ́ wa bí ó ṣe yẹ kí á ṣe é, ní Yorùbá. Èmi á di ọmọ kíláàsì, mo sì gbọ́dọ̀ nawọ́ kí n tó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ariwo ló gba ilé kan. "Aunty, ẹ dúró! Omi yẹn ò gbóná! Kai, Grandma!" Ẹnu wọn ló ń sọ Yorùbá yẹn. Àwọn tó jẹ́ pé fáànù ni mò ń rí tẹ́lẹ̀, orí wọn ló kún ojú kọ̀ǹpútà báyìí, wọ́n ń du ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu. Onífọ́tò náà gbé férémù kúrò. Ọmọ rere ni, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká.

Èyí tó gbayì jù nínú wọn ni Dárasimi, tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé Lugbe. Ọmọ kékeré ni, olójú dídán, kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ láìbéèrè ìdí rẹ̀. Ní Sátidé kan, Màámi ní àwọn ní àṣìṣe kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní rí. Nínú fídíò náà, aládùúgbò wa fún Màámi ní iṣu. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, Màámi pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n kí i, wọ́n bi í léèrè ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó tán. Kò sí ọmọ tó dá fídíò dúró. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ojú wọn ń ṣẹ́ pàkòpàkò. Màámi wá bọ́ síwájú kámẹ́rà, wọ́n ní àwọn ò dúpẹ́ àná.

"Ṣùgbọ́n Grandma, ẹ ti dúpẹ́ nígbà tí wọ́n fún yín," ni Dárasimi wí. "Ṣé àná ò tíì parí ni?"

Màámi ló dá a lóhùn. Wọ́n ní ẹni tó ṣe wá lóore lánàá, à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí kó lè mọ̀ pé oore náà bá wa sùn, ó sì bá wa jí. Mo gbọ́ ohùn yín nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń rán wa lọ sílé aládùúgbò láàárọ̀ kùtùkùtù, kí á lọ dúpẹ́ ọsàn tí a ti jẹ tán, kí á tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́?

Wàhálà dé láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá Dárasimi, tó ń ta páànù ní Dei-Dei, yà sílé wọn lọ́jọ́ kan, ó bá wọn nídìí oúnjẹ. Wọ́n ní kó wá jẹun. Ó kàn juwọ́, ó ń bá fóònù rẹ̀ lọ. Ni Dárasimi bá nàka sókè. "Big Daddy, ẹ dúró! Ẹ ní láti sọ pé á gba ibi ire!" Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà dé ọkàn. Ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Alága. Ó ní ṣé ohun tí a wá ń kọ́ ọmọ nìyẹn, kí wọ́n máa bá àgbà wí? Alága pè mí. Wọ́n ní kí n mú kọ̀ǹpútà mi bọ̀ ní ìpàdé, kí gbogbo ilé rí ohun tí mò ń ṣe, kí á lè pa á dé ní tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ẹ̀rù bà mí, Bàámi. Kì í ṣe ìtìjú ni mò ń bẹ̀rù. Àwọn ọmọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Bí a bá ti ilẹ̀kùn yẹn, ta ni yóò tún ṣí i fún wọn?

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ni ọjọ́ ìbí Alága. Àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ kí wọn. Kálukú ṣe fídíò tirẹ̀ nílé, ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún wọn. Dárasimi fi "Òkun o" bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo fi í ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. Mo rí i pé wọ́n wò ó. Wọn ò fèsì.

Nígbà tó di Sátidé, gbọ̀ngàn Wuye kún. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, àwọn ọmọ wá fara hàn lára ògiri, kálukú nínú pálọ̀ ilé rẹ̀, ojú wọn tóbi ju ti àgbàlagbà lọ. Màámi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alága dìde, wọ́n gba máìkì. Wọ́n kí ilé, wọ́n kí àlejò, wọ́n sì gba ojú ọ̀rọ̀ lọ tààrà. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ orí fóònù ti sọ ọmọ di aláfojúdi. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe tọ́ wa kọ́ nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń mirí. Mo ti ń wá ibi tí mo máa dorí kọ.

Lára ògiri, Dárasimi nawọ́ sókè. Alága ò rí i. Ó ń nawọ́ síbẹ̀. Nígbà tó ṣe, gbogbo ilé ti ń wò ó, Alága náà wá yíjú. Ọmọ náà bá kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì. Nígbà tó kúnlẹ̀ tán, irun dídì orí rẹ̀ nìkan ló kù tí à ń rí ní ìsàlẹ̀ ògiri.

"Bàbá Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú," ni ohùn náà wí. "Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ ò tíì dúpẹ́ àná."

Ìyá ọmọ náà, tó wà lókè ọ̀hún nínú èrò, fọwọ́ bo ojú. Màámi di ọwọ́ mi mú. Alága dúró, wọ́n gbé máìkì dání, wọ́n ń wo irun orí ọmọ yẹn lára ògiri. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹlòmíràn, onípáànù Dei-Dei ni.

"Ó ti mú àwọn náà!" ló wí, ó ń lu orúnkún. "Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan o!"

Alága ṣí fìlà lórí. "Kai," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Mo wo fídíò yẹn lánàá, mo tún un wò, mo tún fi han ìyàwó mi. Mo sì jí, mi ò dúpẹ́." Wọ́n wá kọjú sí ògiri. "Ó dáa. Bí ẹ bá mú ènìyàn nínú eré yín, kí ni òfin wí?"

Gbogbo ọmọ ló pariwo pọ̀ láti ilé wọn káàkiri Àbújá. "Ẹ fún Dárasimi ní ṣọ́ọ̀kì!"

Wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ṣọ́ọ̀kì, Bàámi. Púpọ̀ nínú wọn ò rí i rí, pátákó funfun ni wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ wọn. Alága gbé máìkì sórí tábìlì níwájú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, àárín àwọn ọ̀dọ́. Dárasimi dìde nílẹ̀. Ó kọ́ gbogbo ilé. Ó ní bí ẹnì kan bá ṣe yín lóore lánàá, bí ẹ bá rí i lónìí, kí ẹ sọ pé ẹ ṣeun àná. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ní ó yá, kí wọ́n wí i tẹ̀ lé òun. Àwọn àgbàlagbà, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, àwọn ìyá ọlọ́mọ, gbogbo wọn wí i tẹ̀ lé e, Alága ló sì pariwo jù. Mo sunkún níwájú gbogbo ayé, ojú ò tì mí.

Wọn ò tilẹ̀ dìbò mọ́. Kíláàsì dúró. Ẹgbẹ́ mìíràn tiẹ̀ ti ránṣẹ́ pé kí a gba àwọn ọmọ tiwọn náà mọ́ra. Onípáànù ní òun fẹ́ wà nínú fídíò tó ń bọ̀, kí òun máa jẹun láìfọwọ́. Alága fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí à ń lọ, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni o, àwọn mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé ni, àwọn fi ń dán ọmọ náà wò. Mo sọ ọ́ fún Màámi nínú mọ́tò. Wọ́n pòṣé. "Irọ́ funfun báláú," ni wọ́n wí.

Ó wá kan yín, Bàámi. Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì yẹn, mo gbà pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ yà á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ wọ bàtà dúdú sí ẹsẹ̀ kan, tí ẹ wọ ti aláwọ̀ igi sí èkejì wá sí kíláàsì, tí mo nawọ́, tí ẹ wo ilẹ̀, tí ẹ wá fún mi ní ṣọ́ọ̀kì: ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ ni? Àbí ẹ gbàgbé? Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Bóyá èyí tí ẹ gbàgbé yẹn gan-an ló kọ́ mi jù.

Ẹ rántí iṣu tí ẹ fi rán awakọ̀ Kàbà sí mi. Mo pè yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dúpẹ́, ẹ ní kí n sè é kó rọ̀ dáadáa. Mo ti ní i lọ́kàn pé bí ilẹ̀ bá mọ́, mo máa tún pè, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ilẹ̀ mọ́, ìpè láti ilé ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n ní ẹ ti sùn, ẹ ò jí.

Dárasimi bi wá bóyá àná ò tíì parí. Kò tíì parí, Bàámi. Iṣu yẹn, ewúrẹ́ yẹn, bẹ́ǹṣì tí ẹ ká orúnkún lé lórí yẹn, gbogbo rẹ̀ bá mi sùn, ó sì bá mi jí láàárọ̀ yìí.

Ẹ ṣeun àná o.

Èmi ọmọ yín, tí ṣọ́ọ̀kì yín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.